Ìyá Àgbà Tí Kì Í Ka Èrò

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ìdúró, ẹ wá ibi fìdí lé. Ẹni tó ń se nǹkan lọ́wọ́, kó rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lórí ìrìn. Ìyá tó bí ìyá mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, Àlhájà Awáwù, tí gbogbo ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń gbé Ìsọlọ̀ àti Ọ̀ṣòdì ń pè ní Ìyá Aṣáájú. Èmi fúnra mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ní Èjìgbò, mo sì ti ní ọmọ-ọmọ tèmi. Síbẹ̀, bí arúgbó yẹn bá pe orúkọ mi láti yàrá rẹ̀, ṣe ni mo máa ń dìde fìrì bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Okota ló kú sí, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, lórí ẹní tó ti kírun. A sin ín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Èrò pọ̀, ẹnu wọn sì dùn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń bọ̀ láti itẹ́ òkú, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́yìn mi pé, "Ìyá dáadáa ni o jàre. Àfi ìgbà tí iyè wọn rá, tí wọ́n gbàgbé èèyàn méjì sójú títì." Ẹnì kejì ní, "Hùn-ún, ọjọ́ orí náà ni."

Ìyá Àgbà lè múnú bí èèyàn títí onítọ̀hún á fi máa dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, èyí yẹn mo lè búra sí. Ṣùgbọ́n kó gbàgbé èèyàn? Kò gbàgbé ẹnikẹ́ni rí. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí èmi gan-an ni mo ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n rọra bẹ̀rẹ̀.

Búta ló ń tà ní ọjà Ọ̀ṣòdì, búta tí a fi ń ṣe àlùwàlá, òun àti ẹní ìkírun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe búta ló sọ ọ́ di ẹni mímọ̀. Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ku ọjọ́ méjì, òun ló máa ń kó odindi bọ́ọ̀sì ńlá kan èèyàn láti Ìsọlọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, òun náà ló sì máa ń kó wọn padà. Kò sẹ́ni tó dìbò yàn án. Ohun tí mo gbọ́ ni pé lọ́dún kan, nígbà tí orí rẹ̀ ṣì dúdú, àwọn obìnrin mẹ́ta ní kó bá àwọn wá ọkọ̀, torí pé ẹnu rẹ̀ mú lọ́dọ̀ onímọ́tò. Lọ́dún kejì, wọ́n di méje. Nígbà tó fi máa wo ẹ̀yìn, ọkọ̀ ti kún.

Ìyà ni ìrìn-àjò yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Bí ọkọ̀ bá máa gbéra ní aago méje, Ìyá Àgbà á ní kí gbogbo ayé pé jọ ní Àsùbá. Bí o bá dé ní Àsùbá, á bi ẹ́ pé ibo lo ti ń bọ̀ látàárọ̀. Kì í jẹun lójú ọ̀nà, kì í sùn, kì í sì í jókòó síwájú. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni tirẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń gbé èèyàn sókè tí á sì là á mọ́lẹ̀. Àwa ọmọ-ọmọ bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́, pé kó máa jókòó ti dẹ́rẹ́bà, níbi tó rọ̀. Ó wò wá títí, ó ní, "Ẹni tó jókòó síwájú, ọ̀nà ló ń rí. Ta ló wá ń rí èèyàn?"

Èyí tó burú jù ni pé kì í ka èrò.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tó ń kó èèyàn rìn, kò gbọdọ̀ mọ iye tí wọ́n jẹ́! Ó ní a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Lọ́dún kan, Sùbérù, dẹ́rẹ́bà tó máa ń gbé wa, wọnú ọkọ̀ wá, ó na ìka sí wa lórí lọ́kọ̀ọ̀kan: ení, èjì, ẹ̀ta. Ìyá Àgbà kígbe láti ẹ̀yìn.

"Sùbérù! Sọ ìka ẹ kalẹ̀! Ewúrẹ́ ni wọ́n?"

"Màmá, mo kàn fẹ́ mọ iye èèyàn tó wà nínú ọkọ̀ ni."

"Gbogbo wa ni."

"Gbogbo yín jẹ́ mélòó?"

"A pé. Lọ wa mọ́tò ẹ."

Dípò kíkà, ó ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó máa ń so èèyàn pọ̀ ní méjì-méjì kí a tó kúrò ní Ìsọlọ̀. Ibikíbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, tí a bá ti ń padà wọlé, á dìde, á pariwo pé, "Ta ni ò rí ẹnìkejì ẹ̀?" Bí kò bá sí ẹni tó sọ̀rọ̀, ọkọ̀ á gbéra. Ìyẹn náà ì bá dáa. Àmọ́ kì í so ọ̀rẹ́ mọ́ ọ̀rẹ́. Àwọn tó ń jà ló máa ń so pọ̀! Bí ó bá ti gbọ́ pé ìwọ àti ẹnì kan ò kí ara yín, ẹ ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn. Orí ìjókòó kan náà ni ẹ ó jọ wà dé Ìsẹ́yìn.

Ìyá Kúdí tó ń ta ọṣẹ àti Ìyá Síkírá tó ń ta ẹja gbígbẹ, ìsọ̀ wọn kan ara wọn ní Ọ̀ṣòdì. Agboòrùn Ìyá Síkírá ló máa ń da omi òjò sórí ọṣẹ Ìyá Kúdí, ìjà wọn sì ti dàgbà ju ọmọ mìíràn lọ. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Ìyá Àgbà fi so wọ́n pọ̀. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe:

"Ẹ bá mi ṣí fèrèsé o, òórùn ẹja fẹ́ pa mí."

"Ṣí i dáadáa, kí atẹ́gùn gbé ẹ lọ, ìwọ tó o fúyẹ́ bí ìfófòó ọṣẹ ẹ."

"Ìyá Síkírá, gbé ìdí ẹ sọ́hùn-ún, ìjókòó méjì kọ́ lo gbà."

"Ọlọ́run ló fún mi. Tìẹ dà?"

Láti Ìsọlọ̀ dé Ìsẹ́yìn! Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi sọ fún ọmọ kíláàsì pé kí wọ́n dákẹ́, kí n wá máa gbọ́ èyí lọ́jọ́ ogbó. Mo bi í léèrè pé, "Ìyá Àgbà, ẹ dákun, kí ni èrè èyí?" Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹni tó ń bá ẹ jà, ojú ẹ̀ ò lè kúrò lára ẹ."

Sùúrù rẹ̀ náà máa ń bí mi nínú. Bàbá Múdà, alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ìsẹ́yìn, àgbà ni, ìtọ̀ sì máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. A ò tíì ní jìnnà tí á ti ní, "Sùbérù, jọ̀ọ́, mú mi sọ̀ níbí." Ọkọ̀ á dúró. Bàbá á wọ igbó lọ bí ẹni tó ń lọ sóko, á pẹ́ kó tó padà, á tún dúró kí ẹni tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan mo pòṣé. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ. Ó ní, "Tíṣà, kí lò ń lé?" Mo ní ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ó ní, "Ọkọ̀ tó bá yára fi èèyàn sílẹ̀, ẹrù ló gbé dé."

Bó ṣe wá fà mí wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, kò bi mí. Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ̀yìn tì gan-an ló ránṣẹ́ sí mi pé n ò níṣẹ́ mọ́, kí n wá bá òun múra Iléyá. Mo rò pé ó fẹ́ kí n máa darí èèyàn, nítorí pé tíṣà ni mí. Mo ra ìwé tuntun, mo fa ìlà sí i, mo kọ orúkọ gbogbo èrò ní títẹ̀-lé-ra. Nígbà tí mo débẹ̀, ó gba ìwé náà, ó fi bo ike omi rẹ̀ kí eṣinṣin má baà bà á, ó wá nawọ́ sí àwọn búrẹ́dì. Ẹ mọ̀ pé ọmọ Ìsẹ́yìn kan ò lè ti Èkó délé láìmú búrẹ́dì dání. Búrẹ́dì gbogbo ọkọ̀ ni mo gbé, pẹ̀lú báàgì wọn àti gálọ́ọ̀nù epo. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé e. Ẹ̀yìn dùn mí, mo lọ bá a, mo ní ṣé àlàárù ló sọ mí dà ni. Ó ní, "Kó o tó pàṣẹ fún èèyàn, kọ́kọ́ mọ ohun tó ń gbé lọ sílé."

Ó dáa. Ọdún kẹrin, orúnkún rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó ní òun á tẹ̀ lé wa, ṣùgbọ́n èmi ni kí n ṣe aṣáájú. Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn! Mo ní ọjọ́ mi ti pé. Ohun méjì ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo gbé Ìyá Àgbà sí ìjókòó iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, nítorí orúnkún rẹ̀. Ó kùn títí, mi ò dá a lóhùn. Èkejì, mo tú àwọn tó ń jà ká, mo so ọ̀rẹ́ mọ́ ọ̀rẹ́. Mo mú Ìyá Síkírá, mo fi í ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, Ìyá Ganí. Mo mú Ìyá Kúdí, mo fi í ti aránṣọ kan tí kì í sọ̀rọ̀.

Ìyá Àgbà yíjú padà láti iwájú, ó rí ohun tí mo ń ṣe. Ó ní, "Tíṣà, dá wọn padà."

Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ ti gbé e fún mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é."

Ó wò mí. Ó yíjú padà sójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ̀ náà tòrò! Ọ̀rẹ́ ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn mìíràn ń sùn. Mo ní nínú ara mi pé, ṣé ẹ rí i, ìmọ̀ ìwé dáa. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Iléyá dá wa dúró títí, a wá dúró ní Ògèrè láti kírun ọ̀sán. Ìyá Síkírá àti Ìyá Ganí fi báàgì wọn sórí ìjókòó, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Nígbà tí a ń padà wọlé, mo dìde lẹ́nu ọ̀nà, mo pariwo gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é: "Ta ni ò rí ẹnìkejì ẹ̀?"

"A rí i o!" Gbogbo wọn dáhùn.

Ó wù mí kí n kà wọ́n. Ìwé orúkọ ń bẹ nínú àpò mi. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ń wò mí nínú dígí dẹ́rẹ́bà, mi ò sì fẹ́ kó rí i pé mo na ìka sí èèyàn. Mo ní kí Sùbérù máa lọ.

A kọjá Ìbàdàn. A dé Mọ́níyà. Ibẹ̀ ni Ìyá Kúdí ti ké sí mi láti àárín ọkọ̀.

"Tíṣà, ẹ dákun, ta ló fún ẹlẹ́ja yẹn lóògùn oorun? Mo ti bú u lẹ́ẹ̀mejì láti Ìbàdàn, kò dáhùn!"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo yíjú sí ìjókòó Ìyá Síkírá. Báàgì méjì ni mo rí. Ìjókòó ṣófo.

A pe fóònù Ìyá Síkírá, ó dún nínú báàgì níwájú wa. A pe ti Ìyá Ganí, òun náà dún. Ẹnì kan ṣí báàgì Ìyá Síkírá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń lò ní ọ̀sán àti ní alẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yẹn ti sọ̀rọ̀ títí ní Ògèrè, wọn ò mọ̀ pé ọkọ̀ ti lọ. Kò sì sí ẹni tó wá wọn, torí pé ẹni tó yẹ kó wá ọ̀kan ni èkejì, àwọn méjèèjì sì jọ wà níbẹ̀.

Sùbérù dá ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n ó ní òun ò padà. Òun ní èrò tí òun máa gbé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn kan nínú wa gbè é lẹ́yìn. "Wọn kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n á rí ọkọ̀ mìíràn wọ̀." Ta ló tún ń sọ ọ́ kíkankíkan jù? Bàbá Múdà! Bàbá tí a ti dúró dè nínú gbogbo igbó tó wà láàárín Èkó àti Ìsẹ́yìn!

Ìyá Àgbà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Ó fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó gbé èkejì, ó di ilẹ̀kùn mú títí ó fi dúró. Ó rìn lọ síbi tí ẹnì kan ti ń lẹ táyà, ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan.

"Ẹ máa lọ," ó ní.

Sùbérù sáré bá a. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

"Wọlé lọ síbo? Èmi ni mo gba Ìyá Síkírá lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ ní Ìsọlọ̀. Bí mo bá dé Ìsẹ́yìn, tí àbúrò ẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n òun dà, ṣé kí n gbé báàgì fún un?"

Ìgbà náà ni Ìyá Kúdí sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó tì í lórí ilẹ̀. "Èmi náà ò lọ. Ta ni n ó máa bú dé Ìsẹ́yìn?" Aránṣọ tó dákẹ́ náà sọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn ń sọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Bàbá Múdà àti búrẹ́dì. Sùbérù gbá ọwọ́ mọ́ra, ó ní, "Ẹ wọlé, a ti ń padà."

Bí a ṣe ń wọlé ni ẹnì kan bínú béèrè pé, "Ta ló tiẹ̀ yí ìjókòó padà?"

Mo la ẹnu. Ìyá Àgbà já mi ní èékánná níbi ọrùn ọwọ́, títí mo fi fẹ́ ké.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo rán Tíṣà. Iyè mi ò já gaara mọ́."

A bá wọn ní Ògèrè lórí bẹ́ǹṣì kan. Ìyá Ganí ti sunkún, ojú rẹ̀ wú. Ìyá Síkírá di orí mú. Ìyá Kúdí ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́ kan àti omi lọ́wọ́ kejì.

"Mò ń bú ẹ, o ò dáhùn!"

"Ògèrè ni mo wà, ìwọ obìnrin yìí!"

"Gbé e mì. Gbé e mì kí n tó bú ẹ tán."

A dé Ìsẹ́yìn lẹ́yìn Màgàríbì. Nígbà tí a padà sí Èkó, ẹgbẹ́ pe ìpàdé nílé Bàbá Múdà ní Ìsọlọ̀. Bàbá ní, "Màmá ti ṣe é, wọ́n ti ṣe é yó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi. Iyè ò kí ń wà bákan náà. Tíṣà ni ká fi sípò." Ìyá Àgbà mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo gbà á.

Nígbà tí a délé, mo bínú. Ṣé ẹ mọ irú ìbínú tí èèyàn máa ń bí sí ẹni tó ṣe é lóore tí kò tọrọ? Mo ní, "Ìyá Àgbà, kí ló dé tí ẹ fi purọ́ mọ́ ara yín?" Ó ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ èmi? Ṣùgbọ́n bí aṣáájú tuntun bá gbàgbé èèyàn, ta ló tún máa tẹ̀ lé e?" Mo ní, "Ẹ ò tiẹ̀ bi mí!" Ó ní, "Mo ti bi ẹ́ rí ni?"

Iléyá méjì ni mo kó wọn lọ lẹ́yìn ìyẹn. Mo so àwọn tó ń jà pọ̀, mo jókòó sẹ́yìn, n ò sùn. Ìyá Àgbà wà nílé ní Okota lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn tó bá wá kí i á máa pariwo sí i létí bí ẹni tó ń bá òmùgọ̀ sọ̀rọ̀. "Màmá! Ṣé ẹ rántí mi?" Á ní, "Mo rántí ẹ. Ìwọ lo bì sí mi lẹ́sẹ̀ ní Ìbàdàn." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní iyè náà máa ń wá, ó máa ń lọ. Lọ́jọ́ kan kò fèsì. Ó kàn wò mí lókè orí àlejò náà. Mo rí i pé ó ń dùn ún. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la yẹn, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Aṣáájú" ni wọ́n fi kí mi lójú títì Àgọ́ Palace, ó sì dùn mọ́ mi létí.

Nítorí náà, níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ ikú Ìyá Àgbà, lẹ́yìn tí àfáà ṣàdúà tán, mo dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí.

Bàbá Múdà ní, "Tíṣà. Ọdún méjì?"

Ariwo sọ, Ìyá Síkírá nìkan ni kò pariwo. Ó ní, "Ọdún méjì ni mo fi ń ṣàánú ìyá yẹn. Oúnjẹ ni mo máa ń gbé wá fún wọn, èmi ni mo tún máa ń fi síbí bọ́ wọn lẹ́nu bí ẹni ń bọ́ ọmọdé. Wọ́n á la ẹnu, wọ́n á jẹ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ sì máa ń bá mi gba abọ́ lẹ́nu ọ̀nà, Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ máa ń ní 'ẹ ṣeun'."

Mo rọra jókòó padà.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gba ipò aṣáájú lọ́wọ́ mi, mi ò sì bá wọn jà. Ìyá Kúdí ni wọ́n gbé e fún. Ó ní òun ò ṣe, òun ò ní sùúrù, ẹnu òun ò dáa. Ìyá Síkírá ní, "Ta ló bi ẹ́ léèrè ẹnu ẹ? Ṣe é." Ó sì gbà á.

Bí ogún ṣe pín nìyí. Ìyá mi jogún yàrá àti àpótí aṣọ. Àbúrò mi obìnrin jogún ìsọ̀ Ọ̀ṣòdì pẹ̀lú gbogbo búta inú rẹ̀. Ìyá Kúdí jogún èrò. Àlhájà Awáwù gba orúkọ rẹ̀ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Èmi jogún ẹ̀bi mi. Kò sẹ́ni tó bá mi du ú.